Ta Ni Í Bẹ Ẹni Tí Kò Lẹ́nìkan Wò? Láti Ààfin Àtijọ́ dé Banikanni

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ bá péjọ, yálà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Parakou: pé ní ayé àwọn baba ńlá wa, kò sí ẹni tí ó ń dá nìkan gbé. Agbo ilé kún, ọmọ pọ̀, ìyekan ń wọlé, ọbàkan ń jáde, ilẹ̀ kì í sì í mọ́ bá aláìsàn kí aládùúgbò má ti wá béèrè bí ara ti rí. Òtítọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ pa ìtàn mọ́ bí ó ti rí kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀, nítorí ìlú tí ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ra náà ní ẹ̀yìn odi, ẹ̀yìn odi náà kò sì ṣófo rí.

Adẹ́tẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Bí àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ìta ìlú ni wọ́n ń kọ́ ahéré fún un. Oúnjẹ a máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé e wá kì í jókòó. Ẹni tí Ṣọ̀pọ̀nná bá mú náà ní ìyàsọ́tọ̀ tirẹ̀, bí ó bá sì kú, àwọn àwòrò òrìṣà náà ni wọ́n ń sin ín, kì í ṣe àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ti asínwín, ọ̀nà méjì ni ó wà. Bí ẹbí rẹ̀ bá ní agbára, wọn a mú un lọ sí ilé oníṣègùn, níbi tí wọn yóò ti kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é, tí wọn yóò sì máa fún un ní àgbo títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Àgbo náà kì í ṣe ẹ̀tàn: nínú egbò asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn wa ń lò ni èròjà tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní reserpine wà, òun náà ni wọ́n sì fi ń mú kí ara alárùn ọpọlọ rọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960. Bí asínwín náà kò bá sì ní ẹbí, ọjà ni ilé rẹ̀. Òwe wa kò fi bò: wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á mọ ohun tí ojú òbí ń rí, ó sì mọ̀ pé ará ọjà ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọjá lọ.

Ààfin ni ó gbìyànjú láti dí díẹ̀ nínú àlàfo yìí. Abuké, afín, arọ àti ràrá, ẹni òrìṣà ni wọ́n. Ọbàtálá tí ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó ni wọ́n, ẹni tí ó bá sì fi wọ́n ṣẹ̀sín ti ṣẹ òrìṣà náà. Ní Ọ̀yọ́ àti ní àwọn ààfin mìíràn, àwọn kan nínú wọn ń gbé lọ́dọ̀ ọba, wọ́n ń jẹ nínú oúnjẹ ọba, wọ́n sì ní ipò tí ìjòyè pàápàá kò gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú. Àwọn tí ń kọ̀wé nípa oyè jíjẹ máa ń ka èyí sí ọ̀ṣọ́ ààfin lásán. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ni: ẹni tí agbo ilé kò fẹ́ rí, ọba yóò mú un sí ibi tí gbogbo ìlú yóò ti máa rí i. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ẹni tí kò sí nínú ìwé orúkọ náà. Kò sí asínwín níbẹ̀. Ọbàtálá gba ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí iyè rẹ̀ ra, tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò yé ènìyàn, tí ó sì lè ju òkò lu olówó àti olóyè láìmọ ìyàtọ̀, ààfin pàápàá kò mọ ibi tí yóò fi í sí.

Parakou fi àlàfo kan náà hàn lọ́nà mìíràn. Ilẹ̀ Baatọ́nú ni, àwọn Dendi àti àwọn oníṣòwò Wangara sì ti pẹ́ níbẹ̀ kí Faransé tó dé. Ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbà kó obì láti ilẹ̀ Gonja lọ sí ilẹ̀ Hausa la agbègbè Borgou kọjá, ọ̀pọ̀ ará wa sì bá òwò wá, wọ́n jókòó, wọ́n bí ọmọ. Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ń fún orúkọ rẹ̀ ni ìlú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu dé Parakou ní 1936, lẹ́yìn kìlómítà 438, ibẹ̀ ni ó parí sí. Ìjọba àmúnisìn ti gbèrò láti gbé e dé odò Ọya ní ilẹ̀ Niger, kò débẹ̀ títí di òní. Ìlú tí ojú irin ti parí ni ẹni tí kò mọ ibi tí ó ń lọ ń sọ̀ sí.

Ètò kan wà fún àlejò láyé àwọn oníṣòwò náà, ó sì gún régé. Kò sí ẹni tí ó lè wọ ìlú láìní onílé. Onílé ni ó ń mú àlejò han olórí ìlú. Òun ni ó ń dúró fún un bí ọ̀rọ̀ gbèsè bá dé, òun ni ó ń ṣètọ́jú rẹ̀ bí ibà bá gbé e dè, òun náà ni ó ń ránṣẹ́ sílé bí ó bá kú sí àjò. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Parakou lè dárúkọ onílé tí ó gba baba ńlá wọn wọlé, ó sì tọ́ kí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé ń gba ẹni tí ó ní ẹrù lórí, tàbí ẹni tí ó mú orúkọ ẹnì kan wá. Ẹni tí iyè rẹ̀ rà kì í gbé ẹrù wá, bí a bá sì bi í ní orúkọ baba rẹ̀, ó lè má rántí.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ọgbọ́n agbo ilé wo àrùn ọpọlọ, tí ó sì mú un wọ ilé ìwòsàn ìgbàlódé nílẹ̀ Yorùbá, ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tí a bí ní 1923. Ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó kọ́ ti ọpọlọ ní London, ó sì padà wálé láti darí ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Aro. Ní 1954, ilé náà kò tíì parí. Lambo kò dúró de ògiri. Ó bá àwọn àgbà abúlé tí ó yí Aro ká sọ̀rọ̀ kí àwọn àgbẹ̀ máa gba aláìsàn sínú ilé wọn, kí owó yàrá sì máa wọlé fún onílé. Aláìsàn a wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, a padà sí abúlé, a bá wọn lọ sí oko, a bá wọn jókòó níbi ìkómọ àti ìgbéyàwó. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ iṣẹ́, ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ dókítà òyìnbó lẹ́nu. Ní 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti láti òkè òkun péjọ sí Abẹ́òkúta láti fi ojú ara wọn rí i. Lẹ́yìn náà ni Lambo di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní Dakar, Henri Collomb, dókítà ológun ọmọ Faransé, ń ṣe ohun tí ó jọ ọ́ ní ilé ìwòsàn Fann ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn: ìbátan ń bá aláìsàn gbé inú ilé ìwòsàn, gbogbo wọn a sì jọ jókòó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó wà lábẹ́ igi ọ̀dán.

Iyì ńlá ni Aro jẹ́ fún ìran wa. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀ tí àwọn tí ń yìn ín kì í sábà dúró lé lórí: aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ìbátan kan, ó kéré tán, wá. Ìbátan náà ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa mú un lọ mú un bọ̀. Òfin tí ó bọ́gbọ́n mu ni, nítorí Lambo mọ̀ pé ẹni tí ẹbí rẹ̀ bá ti kọ̀ yóò ṣòro fún láti padà sílé. Àmọ́ ẹni tí ẹbí ti kọ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà Aro ńkọ́? Ní ìlú Geel, ní Belgium, láti ìgbà pípẹ́ kí òyìnbó tó dé etíkun wa, àwọn ìdílé a máa gba alárùn ọpọlọ tí kì í ṣe ìbátan wọn sílé, tí wọ́n á sì bá wọn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dunni láti sọ pé, nínú ọ̀ràn kan yìí, àwọn tí a máa ń sọ pé wọn kò mọ ẹbí ṣíwájú wa.

Ọmọ Benin kan ni ó wá dáhùn ìbéèrè tí Aro fi sílẹ̀, kì í sì í ṣe dókítà. Ilé ìwé kò gbé e jìnnà. Kétoukpé, abúlé kan nítòsí ààlà Nàìjíríà, ni wọ́n ti bí Grégoire Ahongbonon. Ní 1971 ó lọ wá iṣẹ́ sí Côte d'Ivoire, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìgbà náà ti ń ṣe, ó sì jókòó sí Bouaké, níbi tí ó ti ń lẹ táyà ọkọ̀. Iṣẹ́ náà gbè é. Ó di ẹni tí ó ní takisí tirẹ̀ lójú títì. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dojú dé: ọkọ̀ lọ, owó lọ, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ kò yà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun rò ó títí dé bèbè ikú. Ó mọ ohun tí ìdánìkanwà jẹ́ kí ó tó máa wá àwọn tí ó dá nìkan wà kiri.

Àlùfáà kan ràn án lọ́wọ́, ó sì bá àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù ní 1982. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ ìwàásù pé olúkúlùkù onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ fi òkúta tirẹ̀ lélẹ̀ nínú kíkọ́ ìjọ. Ọ̀rọ̀ náà bá a padà sí Bouaké, ó ń bi ara rẹ̀ pé èwo ni òkúta tòun. Ní 1983, òun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àwọn díẹ̀ dá ẹgbẹ́ àdúrà kan sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn ìlú. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni àwọn tí kò lówó oògùn, tí ẹbí ti gbé sílẹ̀ lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ wọ́n. Wọ́n fọ aṣọ, wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń wá owó oògùn láàárín ara wọn. Orúkọ Camille de Lellis ni wọ́n fi pe ẹgbẹ́ náà, ará Italy tí ó gbé ayé láti 1550 sí 1614, tí ó jẹ́ jagunjagun àti onítẹ́tẹ́ kí ó tó fi ayé rẹ̀ sin aláìsàn. Láti ilé ìwòsàn, wọ́n dé ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ní 1990, Ahongbonon rí ọkùnrin kan níhòòhò tí ó ń wá oúnjẹ nínú ààtàn. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ó rí irú rẹ̀. Gbogbo ìlú Áfíríkà ni ó ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, gbogbo wa ni a sì mọ ọ̀nà tí a ń gbà yà fún un. Ọjọ́ náà ni ó dúró. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé Jésù tí òun ń wá ní ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú aláìsàn, a jẹ́ pé ó wà nínú ẹni yìí náà. Láti ìgbà náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ a máa gbé oúnjẹ àti omi tútù lọ sí ìgboro lóru láti mọ ibi tí àwọn asínwín ń sùn, kí wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti yàtọ̀ sí àánú tí a mọ̀. Kò tíì sí oògùn, kò tíì sí ilé, kò sí owó láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ohun tí ó wà ni pé ẹnì kan padà wá lálẹ́ ọjọ́ kejì, àti ní ọjọ́ kẹta. Onílé àtijọ́ máa ń dúró kí àlejò kan ilẹ̀kùn. Onílé tuntun yìí ni ó ń lọ kan ilẹ̀kùn níbi tí kò sí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí àyè gbà nínú ọgbà ilé ìwòsàn Bouaké, tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ sì fara mọ́ wọn.

Ní 1994 ni ó kọ́kọ́ fojú kan ohun tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé. Obìnrin kan wá láti abúlé, ó ní kí wọ́n wá wo arákùnrin òun. Wọ́n bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà tí wọ́n ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìtì igi, tí wáyà ti wọ ẹran ara rẹ̀, tí egbò ti jẹrà. Wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú, kò pẹ́ ó kú. Àbà tí àwọn àgbà wa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ẹbí tí ó kàn án kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀: ìyá a máa gbé oúnjẹ lọ bá a, a sì máa sunkún padà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò gbé e lọ, àwọn tí wọ́n bi léèrè sì sọ fún wọn pé ẹ̀mí èṣù ni. Láti ìgbà náà ni Ahongbonon ti ń rin abúlé kiri láti tú àwọn tí a so mọ́lẹ̀, ó sì máa ń fi ẹ̀wọ̀n irin tí ó tú lára wọn han àwọn tí ń pè é wá sọ̀rọ̀, kí wọ́n má bàa rò pé ìtàn àtijọ́ ni. Kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ní 2020, àjọ Human Rights Watch kéde pé ó rí ìdè bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 60, ilẹ̀ Áfíríkà nìkan kọ́.

Láti 2004 ni iṣẹ́ náà ti dé ilẹ̀ Benin, ní Avrankou lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàṣẹ́, lẹ́yìn náà ní Bohicon, ó sì gòkè wá sí Djougou ní àríwá. Ní 2015, ìwé ìròyìn Daily Trust ti Nàìjíríà yàn án ní ọmọ Áfíríkà tí ó ta yọ ní ọdún náà. Ohun tí ó wúni lórí jù nínú àwọn ibùdó náà ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ lánàá, tí wọ́n ti gbádùn, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n wá ń wẹ ẹni tuntun, tí wọ́n ń gé irun rẹ̀, tí wọ́n sì ń bá a jẹun. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn tí kò sí pé "mo ti dé ibi tí o wà rí" kí ó gbà á gbọ́, àfi irú wọn. Ó yẹ kí a sọ èyí náà: orí ọrẹ ni iṣẹ́ ńlá yìí dúró lé, ó sì so mọ́ orúkọ ẹnì kan ju bí ó ti yẹ lọ. Ìlú tí ó ní ìgbìmọ̀ àti olóyè kò yẹ kí ó máa retí kí ẹni tí ń lẹ táyà tún ti ìlú mìíràn wá.

Èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ náà dé Banikanni. Láti ìgbà tí Yunifásítì Parakou ti bẹ̀rẹ̀ ní 2001 ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pọ̀ sí i ní ìlú náà, tí yàrá tí a ń háyà sì ń pọ̀ sí i ní àwọn àdúgbò bí Banikanni. Nínú agbo ilé kan, ènìyàn lè gbọ́ Baatọ́nú, Dendi, Fọn àti Yorùbá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, síbẹ̀ kí àwọn tí wọ́n jọ pín ògiri má mọ orúkọ ara wọn. Ìyá àgbà wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kútọnu, ní Èkó tàbí ní Libreville. Owó ń bá a lórí fóònù, ohùn wọn náà ń bá a, ẹni tí yóò bá a jókòó ni kò bá a. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jáde ní yàrá láti ọjọ́ mẹ́ta náà wà níbẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé ìwé ni ó ń kà. Ẹgbẹ́ ìlú kì í ṣàìmọ ojúṣe rẹ̀ bí ẹnì kan bá kú: owó ń jáde, aṣọ ẹgbẹ́ ń jáde, ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ kí a wá òun tì níbi òkú. Bí ènìyàn bá wà láàyè tí ó sì dá wà, kò sí ìwé tí a ń kọ orúkọ àwọn tí ó lọ wò ó sí.

Ilé ìwòsàn ńlá ti Borgou ní Parakou ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú alárùn ọpọlọ. Kò jìnnà sí Banikanni, zémidjan kan tó o. Ẹni tí ó bá ti gbádùn gbọ́dọ̀ máa padà lọ gba oògùn, bí ó bá sì ṣíwọ́, àrùn náà lè padà dé. Fún ẹni tí ẹbí rẹ̀ dúró tì í, ìyekan ni yóò rántí ọjọ́ náà, tí yóò gun zémidjan pẹ̀lú rẹ̀, tí yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi pe orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni lóṣù, kò gba ìwé ẹ̀rí, kò sì gba owó ju owó ọkọ̀ lọ. Fún ẹni tí kò lẹ́nìkan, àyè ẹni kejì lórí bẹ́ǹṣì náà ṣófo.